Agogo Lọ́rùn Ọba Eérú

Máfọwọ́kàn-án ni mò ń pe ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù wa, nítorí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Alágbàfọ̀ ni àwa méjèèjì. Èmi ń fọ aṣọ, mo sì ń ká a. Òun ló ń lọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù mẹ́ta ló wà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n èyí tó wúwo jù, tí ìdí rẹ̀ ń dán bíi dígí, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi palẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò jó aṣọ oníbàárà kankan rí, àfi ẹyọ kan.

Ẹni tó bá rí i lẹ́yìn tábìlì yẹn, tó ń wọ́n omi sára kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, tó ń rọra tẹ̀ ẹ́, kò ní mọ̀ pé obìnrin yìí ní ọ̀tá kan tó ti ń lépa láti ọdún mẹ́ta. Èmi mọ̀. Èmi ni mò ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ tí a bá jókòó jẹun ọ̀sán, etí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fa ọ̀rọ̀ náà wọlé. Aago ọwọ́ ni ọmọ náà ń tún ṣe. Á dorí kodò sórí tábìlì kékeré láti àárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gbé fóònù rẹ̀ dání, ológun ni. Eré ìjà kan ló ń ṣe lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Eré náà kò ní àwòrán, kò ní ariwo; ọ̀rọ̀ kíkọ ni gbogbo rẹ̀. Oníkálùkù á dá jagunjagun tirẹ̀ sílẹ̀, á kọ ìwé ìtàn rẹ̀: ibi tó ti wá, ohun ìjà rẹ̀, agbára rẹ̀, ibi tí kò ti lágbára. Àwọn adájọ́ eré á kà á, wọ́n á fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú ìwé yẹn ti di òótọ́, kò sẹ́ni tó lè yí i padà.

Mo ka díẹ̀ lára àwọn ìwé ìtàn yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí ìkankan nínú àwọn jagunjagun náà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ wà láàyè. Gbogbo ìlú tí wọ́n bí wọn sí ló ti jóná. Gbogbo wọn ló wọ aṣọ dúdú tó ń wọ́lẹ̀, gbogbo wọn ló ní àpá lójú, ojú òsì sì ni àpá náà máa ń wà. Mo bi ọmọ náà pé, “Ta ló ń bá wọn fọ aṣọ dúdú yẹn?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ojú ogun la wà. A ò sí ní ṣọ́ọ̀bù yín.”

Tirẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Alágogo ni jagunjagun tirẹ̀ ń jẹ́, agogo kékeré kan ló sì ń gbé kọ́rùn. Alágogo ní ìyá nílé, ó ní ọmọ ìyá kan tó ń retí rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá jí agogo náà, ọjọ́ tí ọmọ ìyá Alágogo bá pe agogo náà ni yóò wúwo bí òkè lọ́rùn olè. Àwọn adájọ́ fọwọ́ sí i. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nígbà tó kà á fún wa, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni òun fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí ohun tí ẹ̀gbọ́n òun pè tí kì í dáhùn.

Òfin méjì ni ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ̀ nínú eré náà. Àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tó ń kọ ọgbẹ́ sára ẹlòmíràn. Ìwọ á kọ bí o ṣe ju idà. Ẹni tó ni ara ni yóò kọ ibi tí idà náà bà á, bóyá ó yẹ̀ ẹ́ ni o, bóyá ó ṣubú ni o. Ìkejì ni pé bí ẹnì kan bá dákẹ́ fún ọjọ́ méje láàárín ìjà, ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ikú rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Alágogo wà nínú ìjà pẹ̀lú jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ọba Eérú nígbà tí kíndìnrín ọmọ náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ló ti kọ lẹ́tà sí ẹni tó ni Ọba Eérú, pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, kó jọ̀ọ́, kó fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn: “Òfin ni òfin.”

Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ní aago mẹ́rin tí wọ́n máa ń jẹ́ ká wọlé wo aláìsàn, a bá a tó di fóònù mú. Ó nà án sí wa. Ọba Eérú ti kọ ikú Alágogo. Ikú náà kò tó o. Ó kọ ọ́ pé Alágogo kúnlẹ̀, pé ó sunkún, pé ó di òun lẹ́sẹ̀ mú, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí òun dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ló bẹ́ ẹ lórí, ó sì gbé agogo rẹ̀ kọ́ ọrùn ara rẹ̀.

Ọmọ náà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ ni mo bẹ̀ ẹ́ fún. Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀mí.”

Ó yíjú sí ògiri. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, ó kú. Eré kọ́ ló pa á o. Kíndìnrín ló pa á, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kà gbẹ̀yìn láyé nìyẹn.

A sin ín tán, a padà sí ṣọ́ọ̀bù. Máfọwọ́kàn-án lọ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó fi áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀, ó mú fóònù, ó ní kí n wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ níbi eré yẹn. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo ní, “Ìwọ tí o kì í wo fíìmù ìjà?”

Ó ní, “Mo fẹ́ gba agogo àbúrò mi. Ẹni tó sì gbé e kọ́rùn ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bó ṣe ṣubú.”

Ó dá jagunjagun obìnrin kan sílẹ̀, ó pè é ní Amúnáwá. Mo ní orúkọ yẹn jọ ti àwọn tó ń gun òpó iná, kò rẹ́rìn-ín. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, ó kọ ọ́ gbangba pé ọmọ ìyá Alágogo ni Amúnáwá, agogo àbúrò rẹ̀ ló ń wá kiri. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ọba Eérú ìbá kà á, ìbá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà máa ń fọ́nnu káàkiri ibi eré náà pé, “Èmi kì í ka ìtàn ẹni tí mo fẹ́ pa.” Kò ka ti Alágogo rí, kò ka ti Amúnáwá.

Ẹni tó bá fẹ́ pe ọba níjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ogún jagunjagun. Ó gbà á ní ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀. Àwọn yòókù ń kọ ejò olórí méje àti idà tó ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ń kọ ooru. Ó mọ bí ooru ṣe ń wọ inú nǹkan díẹ̀díẹ̀, ó mọ ìṣẹ́jú tí aṣọ ṣì lè fara dà á àti èyí tí kò lè fara dà á mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ka ohun tó kọ, wọ́n sì fúnra wọn kọ ọ́ pé àwọn ṣubú, nítorí wọn kò rí ọ̀nà mìíràn gbà. Bó bá ti borí ẹnì kan, á sọ fún mi pé ó ku méjìlá, ó ku mọ́kànlá, bíi pé bọ́tìnì ló ń kà.

Ọjọ́ tí òun àti Ọba Eérú pàdé, ọ̀sán ni, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ rọ́rọ́. Ọba Eérú ló kọ́kọ́ kọ. Ojú ọ̀run dúdú, ilẹ̀ là, ẹyẹ ń jábọ́ láti òkè. Mo kà á títí ó fi rẹ̀ mí, ọkùnrin náà kò tíì gbé ẹsẹ̀ kan. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀, bó ṣe máa ń kọ ọ́ nínú gbogbo ìjà rẹ̀, pé agogo Alágogo ń mì lọ́rùn òun.

Ìlà méjì ni ọ̀rẹ́ mi kọ. “Amúnáwá kò yọ idà. Ó pe agogo àbúrò rẹ̀.” Ó wá so ìwé ìtàn Alágogo mọ́ ọn nísàlẹ̀, pẹ̀lú ìfọwọ́sí àwọn adájọ́.

Kò ju wákàtí kan lọ tí adájọ́ fi dáhùn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dúró. Ó ní kí Ọba Eérú kọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe rí.

Ọba Eérú dákẹ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà, ọkùnrin náà kọ lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ sí ọ̀rẹ́ mi. “Ẹ jọ̀ọ́, mà, kí ni mo ṣe fún yín?”

Ọ̀rẹ́ mi sọ fún un. Ó sọ nípa bẹ́ẹ̀dì, ó sọ nípa lẹ́tà, ó sọ aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ọkùnrin náà kò fèsì títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ó wá ní, “Ọjọ́ méje ti pé. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ọ́. Ẹ kọ ohun tó bá wù yín, mi ò ní janpata.”

Ọ̀rẹ́ mi fèsì, kò sì fi ẹyọ ọ̀wọ̀ kan sí i. “Mi ò kọ. Ìwọ ni wàá kọ ọ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti rí i bí ọ̀rẹ́ mi ṣe burú tó. Ẹni tí ìjà rẹ̀ kò bá tíì parí, kò lè wọ ìjà mìíràn. Ogun ńlá tí wọ́n máa ń jà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọba Eérú sì ni olórí ogun. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń kọ̀wé sí i pé níbo ló wà. Ó wà níbi tí ó wà, ó dúró gbọnin gbọnin sójú kan, agogo lọ́rùn.

Mo bẹ ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, “Pa á, kí ìwọ náà lè sinmi. Ṣé o ò rí i pé o ti rù?”

Ó ní, “Àbúrò mi ka ikú rẹ̀ láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Èyí máa kọ tiẹ̀.” Ó bu omi sínú ìgò tó fi ń wọ́n aṣọ, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni fóònù rẹ̀ dún, ó ku ọ̀la kí ogun wọn bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun oníbàárà kan ló wà níwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan di áyọ́ọ̀nù mú, ó fi ìkejì gbé fóònù, ó ń kà. Ọba Eérú ti kọ ọ́. Ó kọ bí ọrùn ṣe kọ́kọ́ tẹ̀, bí orúnkún ṣe kan ilẹ̀, bí iwájú orí ṣe kan eruku. Kò kọ ojú ọ̀run, kò kọ ẹyẹ. Ó kọ ọ́ pé Alágogo kò bẹ òun rí, pé irọ́ ni òun pa. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí eré ti parí, ó kọ tiẹ̀ fúnra rẹ̀: “Mo mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Mo kàn fẹ́ borí ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Òórùn ló kọ́kọ́ kàn mí. Mo yíjú, èéfín ń jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, òun kò mọ̀. Mo nawọ́, mo gbé áyọ́ọ̀nù náà kúrò. Ó wò mí bí mo ṣe dì í mú, kò sọ nǹkan kan. Ó jókòó lórí òkìtì aṣọ tí mo ti ká, ó sunkún bí n kò ṣe rí i kó sun ún nígbà tí a sin ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà ló nu ojú, ó sì kọ tiẹ̀, nítorí òfin ní kí ẹni tó borí kọ ìparí. “Amúnáwá gba agogo náà, ó gbé e kọ́rùn, ó kọjú sílé. Kò dárí jì í.” Ó pa fóònù náà, ó sì fi í sínú báàgì.

Ọ̀gbẹ́ni tó ni ṣẹ́ẹ̀tì dé nírọ̀lẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ fún un, ó na ṣẹ́ẹ̀tì tó jóná sí i, ó bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbé e dìde kíá. Ó ní, “Ẹ dìde, mà, ẹ dìde. Kò tó nǹkan. Mo ti gbàgbé ẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi yà ní ìkòríta.

“Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láti dárí jini,” ló wí fún mi. “Ṣẹ́ẹ̀tì ni tiẹ̀.”