Òpó Ilé Màmá Etíkun

Nígbà tí òjò bá pa ẹja yíyan lọ́jà Ìkàrẹ́, òórùn rẹ̀ máa ń gbé mi lọ sí abúlé ìyá tó bí ìyá mi, ní etíkun Ìlàjẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni bàbá mi mú mi lọ síbẹ̀, kí a lè mú màmá náà wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Ọ̀kà. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn. Orí pákó la rìn láti èbúté dé ilé. Èmi tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta, mi ò rí òkúta kan ṣoṣo.

"Màmá, òkè yín dà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí igi àgbọn kan tí kò lórí mọ́, tó dúró láàárín omi. "Òkè wa nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọjà wà tẹ́lẹ̀."

Bàbá mi ní, "Màmá, òkun ti lé yín lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àpáta tiwa kì í sún."

"Àna mi, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo tú ilé mi tí mo sì tún un kọ́. Ta ló ti rẹ̀ nínú èmi àti òkun?"

Ó padà sídìí ilé kẹrin tó ń kọ́. Ó ní kí n di òpó mú, ó sì ń fi òòlù onígi gbá a wọ inú iyanrìn. Bàbá mi wò wá títí. Nígbà tó yá, ó bọ́ ẹ̀wù, ó gba òòlù.

Ilé yẹn náà ti wọ omi báyìí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni màmá kú sí, lórí ẹní tirẹ̀, kí omi tó débẹ̀.

"Ibo ni ká ri òpó kejì mọ́lẹ̀ sí?" ni bàbá mi bèèrè lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ sún un sọ́dọ̀ òkun díẹ̀," ni màmá dáhùn. "Mo fẹ́ máa rí ojú rẹ̀."