Ìyálé àti Ìyàwó Wọ Ìsàlẹ̀ Òkun

Ọjọ́ tí ìyálé àti ìyàwó di ẹrù wọn sínú àpótí kan ṣoṣo ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wọ́n ládùúgbò. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: "Orogún méjì tó bá jọ wọ ìsàlẹ̀ omi, ẹnìkan ni yóò padà wálé." Gbogbo àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyálé gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Ó yọrí síta, ó ní, "Ẹ má wulẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ẹni tí yóò padà o. Àwa méjèèjì la jọ ń bọ̀." Ó sì pa fèrèsé dé gbà!

Aránṣọ ni ìyálé yìí. Kì í rán ẹ̀wù fún ẹnikẹ́ni. Kọ́tìnì ló ń rán, àti aṣọ àga, fún àwọn ilé ìtura àti ọ́fíìsì. Ó sanra díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyàwó ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ le bí òkúta. Ọkọ tó fẹ́ wọn, awakọ̀ ọ̀nà jíjìn, ti di olóògbé, ó ti lé lọ́dún kan. Ká má purọ́, nígbà tí ara ọkùnrin náà le, orogún ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n á kí ara wọn láàárọ̀ bí ọlọ́pàá ṣe ń kí awakọ̀. Àìsàn ọkọ ló yí i padà. Obìnrin méjì kò lè jọ máa gbé ọkùnrin kan lọ sí balùwẹ̀, kí ọ̀kan di apá, kí èkejì di ẹsẹ̀, kí wọ́n tún ráyè jà lórí ẹni tó ni ìkòkò.

Ìyálé ló mú ọ̀rọ̀ òkun wá. Ó ti pẹ́ tó ti rán kọ́tìnì fún ilé ìgbafẹ́ kan létíkun. Lọ́jọ́ tó lọ fi í kọ́, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí gbà, ni wọ́n mú un gbà wọlé. Bó ṣe dúró sórí àkàbà ló rí àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ń jáde bọ̀ látinú òkun, àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn wọn, omi ń ro tótó lára wọn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀ tí kò fẹ́ sọ fún ẹlòmíì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ wọn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ kan tí òun àti ìyàwó jọ ń ká aṣọ lórí okùn, ó ní, "Ìyàwó, mo fẹ́ lọ wo ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń rí lábẹ́ omi."

Ẹ̀bá odò ni wọ́n ti tọ́ ìyàwó dàgbà, ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bí ẹja. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní, "Ìyá wa, ìgbà wo là ń lọ?" Ó mú un lọ bá dókítà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó yẹ àyà àti etí wò, ó ní ara ìyálé dá ṣáṣá.

Ara àbúrò ọkọ wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ni kò dá. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti ń fẹ́ kí ìyàwó kó jáde. Ó wá bá wọn ní pálọ̀, ó jókòó sórí àga olóògbé.

"Ìyálé wa," ó kọjú sí ìyálé, "òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Opó ni yín. Ṣé ẹ fẹ́ sọ ilé wa di yẹ̀yẹ́ ni?"

"Bàbá Kékeré, a ò ní wa ọkọ̀. Ìsàlẹ̀ là ń lọ. Wọ́n ní kì í hó níbẹ̀."

"Òmùwẹ̀ pàápàá ń bómi lọ! Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n ń bá mi lọ."

"Èyí tó yẹ kó ti padà sílé bàbá rẹ̀?"

Ìyálé na ìka sí àpótí tó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. "Inú àpótí kan náà la kó ẹrù sí. Ọjọ́ tí ẹ bá lé e, ẹ ti lé èmi náà nìyẹn, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa gbálẹ̀ ilé yìí."

Bí wọ́n ṣe lọ nìyẹn. Ẹnu ọ̀nà iwájú ilé ìgbafẹ́ náà ni wọ́n gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí.

Inú adágún omi aláwọ̀ búlúù tó wà lágbàlá ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wíwọ aṣọ rọ́bà nìkan, ogun ni. Ìyàwó ń fà á sókè, ìyálé ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ẹni tó rán eléyìí," ó ní, "kò wọn ìdí ènìyàn rí." Ọ̀gá amòòkùn, ọkùnrin tín-ínrín tí oòrùn ti bó imú rẹ̀, fi ìfèéfèé tí wọn ó máa fi mí sí i lẹ́nu. Bí orí ìyálé ṣe wọ omi báyìí, ẹ̀rù bà á, ó tu ìfèéfèé dànù, omi wọ̀ ọ́ nímú. Ó fò sókè, ó ń wúkọ́, ó ń sín. Tọkọtaya tuntun kan tí wọ́n jókòó létí omi ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gá amòòkùn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọkọ̀ kan wà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dígí. Ẹ lè jókòó sínú rẹ̀, kí ẹ máa wo ẹja."

"Ọmọ mi, mo ní dígí nílé." Ó nu imú. "Fún mi ní nǹkan yẹn padà."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú lábẹ́ omi. Nígbà àkọ́kọ́, kò ju ìmí mẹ́ta lọ. Wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Tọkọtaya tuntun náà ti lọ jẹun, wọ́n ti padà dé, ìyálé ṣì wà nínú omi. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa jáde, ó ti lè jókòó sísàlẹ̀ adágún bí ẹni jókòó ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sójú òkun. Okùn kan wà tí wọ́n ń dì mú sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí etí ìyálé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó bí ẹni pé wọ́n ń ti ìka bọ̀ ọ́. Ó juwọ́. Ọ̀gá amòòkùn fà á gòkè díẹ̀, ó fi hàn án: di imú, fẹ́ atẹ́gùn. Etí ò là. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gòkè. Ọ̀gá náà nàka sókè, bí ẹni bi í pé ṣé kí wọ́n padà. Ìyálé mi orí, ó tún di imú, ó fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí sì là: pọ́! Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyàwó tí ìbá ti dé ìsàlẹ̀ tipẹ́ di okùn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò kanjú.

Orúnkún wọn kan iyanrìn. Àwọn ẹja pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ aláwọ̀ ìyeyè ń wọ́ kọjá, wọn ò tilẹ̀ bìkítà pé àlejò dé. Ìjàpá òkun kan, àgbàlagbà, ń já koríko jẹ níwájú wọn. Ó gbójú sókè, ó wò wọ́n, ó padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Ìyálé kò gbọ́ nǹkan kan ju èémí ara rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń sọ ohun tó yẹ opó fún un. Ó ṣàkíyèsí pé láti ìgbà tí òun ti wọ omi, òun kò rántí olóògbé rárá. Ó dúró de ìtìjú tó yẹ kó tẹ̀ lé ìyẹn. Ìtìjú ò wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nínú ìfèéfèé, ìhó omi ń gòkè lókè orí rẹ̀. Ìyàwó rí i, òun náà bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n padà ni Bàbá Kékeré pe ìpàdé. Ó mú ìyàwó rẹ̀ dání kí ẹlẹ́rìí lè wà, ó sì tún jókòó sórí àga olóògbé.

"Kí lẹ lọ wá nísàlẹ̀ òkun?"

"Nǹkan ò sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ níbẹ̀," ni ìyálé dáhùn. "Ó wù wá, a lọ. Bó bá tún wù wá, a ó tún lọ. Ìyàwó ò sì ní kó jáde nínú ilé yìí, ẹ má tún jókòó sórí àga yẹn bi mí mọ́."

Bàbá Kékeré pariwo títí, ohùn fẹ́ẹ̀ há a. Bó ṣe dúró láti mí ni ìyàwó rẹ̀, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé, fi bi ìyálé wẹ́rẹ́ pé, "Ìyá wa, ṣé ó máa ń tutù níbẹ̀?"

"Níbẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé o mọ̀ ọ́n wẹ̀?"

"Rárá o."

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n."

Bàbá Kékeré dìde, ó gbá ẹ̀wù rẹ̀ mọ́ra. "Dìde, jẹ́ ká máa lọ!"

Obìnrin náà kò wo ojú rẹ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ti ìyálé. "Ẹ máa lọ síwájú," ó ní. "Mo ṣì ń bọ̀."