Ta Ni Yóò Rún Dàbínù Ọmọ?

Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí ìjà ọ̀fẹ́ ní àdúgbò Zogbeli láyé ìgbà náà, kí ó ṣáà fi igbá ẹlòmíràn mu omi nílé Hàjàrá. Kí ọyẹ́ tó dé rárá ni obìnrin yìí ti máa ń múra dè é bí ẹni tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀. Yóò fi amọ̀ dí gbogbo ihò ara ògiri, yóò ra òrí kún ìkòkò, yóò to igi ìdáná jọ, yóò gún atalẹ̀ mọ́ ata. Lẹ́yìn náà ni yóò wá pín igbá ìmumi, oníkálùkù pẹ̀lú tirẹ̀, tòun ti àmì tó fi ọ̀bẹ fín sí i lára. Ìyá Onígbá ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Wọ́n ní ahun ni. Ahun kọ́ o, ẹ̀rù ni.

Lọ́dún tí lùkúlùkú jà, ikọ́ àti ibà burúkú tó kó àgbà kó ọmọdé, ọmọ méjì ló kú mọ́ Hàjàrá lọ́wọ́. Igbá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé fi ń mu omi nígbà náà, àlejò kan tó ń wúkọ́ sì bá wọn mu níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé ibòmíràn ni ikú gbà wọlé. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Nígbà tí Nímọ́tà, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wá bí ọkùnrin láàárín ọyẹ́ gan-an, oorun dá lójú Hàjàrá. Ọmọ náà kéré, ikọ́ sì ti gba ìgboro. Ní àdúgbò Changli nítòsí, wọ́n ti ń sin ọmọdé. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ọmọ náà. Wọ́n bú u títí, kò yẹsẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló wá di wàhálà. Nínú ìdílé wọn tó ti Ìlọrin wá yìí, wọn kì í sọ ọmọ lórúkọ kí àgbà ilé má fi ẹnu ara rẹ̀ rún dàbínù, èso dídùn tí àwọn Gàmbàrí ń kó wá láti aṣálẹ̀, kí ó sì fi ìka tọ́ ọ sí ọmọ lẹ́nu. Wọ́n ní ìwà ẹni tó bá rún un ni ọmọ yóò hù. Àgbà ilé náà ni Alfa Àbdùsàlámì, ẹ̀gbọ́n Àlàó ọkọ Hàjàrá, tó ń gbé ní ìlú Sálágà. Lọ́rì gbé e dé láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku bò ó títí dé irùngbọ̀n. Hàjàrá gbọ́ ikọ́ rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀.

Ó sáré lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ, ó sì na apá méjèèjì dí i.

"Ẹ káàbọ̀, ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé."

"Kí lo wí, ìyàwó?"

"Mo ní ẹ má wọlé. Ẹ̀ ń wúkọ́."

"Háàbà!" Àlàó ti pariwo. "Hàjàrá, ṣé orí ẹ pé? Ẹ̀gbọ́n mi lò ń dí lọ́nà? Wallahi, kúrò níbẹ̀!"

"Ẹ lé mi padà sí Ìlọrin bó bá wù yín. Méjì ni mo ti sin. Mi ò sin ẹ̀kẹta."

Ẹ má rò pé akọni ni o. Ojú ń tì í débi tí kò lè gbójú sókè. Alfa wò ó títí. Ikọ́ tún gbé e, ó fi etí agbádá bo ẹnu, ó sì yí padà lọ jókòó sórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò lóde, nínú atẹ́gùn àti eruku.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ẹnì kan kùn láàárín àwọn tó pé jọ, "ìyàwó ilé wá lé àgbà sóde!"

Ọkàn kálukú ò balẹ̀. Alfa ló sọ̀rọ̀ láti orí ẹní.

"Tóò. Ẹ jẹ́ kí Hàjàrá fúnra rẹ̀ rún un. Kì í parọ́, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà. Èmi á máa ṣàdúà níbí."

Tìbínú-tìbínú ni Àlàó fi dàbínù lé Hàjàrá lọ́wọ́. Ó jù ú sẹ́nu, ó ń rún un. Nímọ́tà gbé ọmọ wá sẹ́nu ọ̀nà.

Àfi bí nǹkan ṣe rìn ín lọ́fun. Láti ìdájí ló ti ń yún un, ó ní èéfín igi ni, ó mu atalẹ̀ sí i. Ní báyìí, nǹkan náà tún dìde. Ó gbé ikọ́ náà mì, omi bọ́ lójú rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọn yóò fi yẹ̀yẹ́ lé e jáde ní Zogbeli. Bó bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Gbogbo ojú ló wà lára rẹ̀. Ọmọ náà la ẹnu, kò sí eyín kan níbẹ̀.

Hàjàrá gbé dàbínù náà mì.

"Kí lo ṣe yẹn?" Àlàó bi í.

"Ọ̀fun ń yún mi láti àárọ̀," ó ní, ikọ́ tó ti ń mú mọ́ra sì tú jáde, kò dáwọ́ dúró.

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Nímọ́tà ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó mú dàbínù mìíràn nínú àwo, ó sì rún un fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Hàjàrá dìde, ó la àárín èrò kọjá lọ sóde. Kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Alfa sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní.

"Jókòó, ìyàwó. Ibí ni tàwa oníkọ́."

Ó jókòó, ó ń sunkún. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Ṣé inú ò bí yín sí mi?"

"Ó bí mi. Ó bí mi gan-an." Alfa wúkọ́ díẹ̀. "Ọmọ náà ń kọ́?"

"Kò wúkọ́."

"Tóò," Alfa ní. "Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́."