Rọ́bà Omi Gbígbóná tó Jó Sàdíátù Lẹ́sẹ̀

Òtútù Jọ́ọ̀sì kì í ṣe ẹgbẹ́ òtútù Ìlọrin rárá. Sàdíátù, oníṣòwò abọ́ táńganran, ti sọ ọ́ títí ó ti sú u, ó sì tún sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un nígbà ọyẹ́ ọdún 1978. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un lẹ́yìn ti mú ìdí rẹ̀ dé ẹsẹ̀ kú. Ó ń gbọ̀n, ó ń sùn, ó ń jí. Lójú àlá, ó bá ara rẹ̀ nídìí ààrò ìyá rẹ̀ n'Ílọrin. Ìyá ń fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ara rẹ̀ sì ń móoru díẹ̀díẹ̀. Haba, àlá náà dùn! Kò fẹ́ jí.

Ìgbà tí agbára abẹ́rẹ́ tán ló figbe ta. Rọ́bà omi gbígbóná kan wà lábẹ́ aṣọ ìbora, ó ti bó o lẹ́sẹ̀ dé ẹran. Láti ọjọ́ náà, kò lè dúró pẹ́ nídìí ọjà mọ́. Oníṣòwò tí kò lè dúró, kí ló kù?

Ó gbé ilé ìwòsàn náà lọ sí kóòtù. Hàà, ẹ̀bẹ̀ dé! Bàbá Bámgbóṣé, aṣáájú àwọn Yorùbá ìlú náà, kó àwọn àgbà Yorùbá wá láti àdúgbò Rantya, wọ́n ṣí fìlà: ọmọ ilé ni Morónkẹ́, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ará Èkìtì ni, wọn á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń bẹ̀ mí, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ sun mí ni?" ni Sàdíátù wí. "Kí ẹni tó ṣe é fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Ní kóòtù, lọ́yà ilé ìwòsàn ní àwọn ẹbí aláìsàn ló gbé rọ́bà síbẹ̀. Irọ́ funfun báláú! Sàdíátù wo ojú fèrèsé, kùrukùru ti bo òkè apá Naraguta, ó sì ń ṣe é bíi kó sùn padà sínú àlá yẹn.

Wọ́n pe Morónkẹ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí. Ó yíjú sí adájọ́.

"Olúwa mi, èmi ni. Màmá ń gbọ̀n, wọ́n ń ké pe ìyá wọn. Àánú wọn ṣe mí. Mo gbé rọ́bà náà sí wọn lẹ́sẹ̀, mo fa aṣọ bo ẹsẹ̀ wọn, n ò sì fọwọ́ wo bí omi náà ṣe gbóná tó."

Sàdíátù wo ọwọ́ Morónkẹ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ lójú àlá, ọwọ́ ọmọ yìí ni! Omijé bọ́. Inú ń bí i, àánú ń ṣe é, ẹsẹ̀ náà sì ń ro ó.

Adájọ́ bi í bóyá ó fẹ́ jáwọ́ nínú ẹjọ́.

"Rárá o, ẹjọ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó. Ó ti dúró pẹ́."