Bí Kóòṣì Fóònù Ṣe Lọ Kí Àwọn Àṣá ní Ìjẹ̀bú-Òde

Bọ́ọ̀lù aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fẹ́ lọ wò ní Ìjẹ̀bú-Òde, ṣùgbọ́n wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí a ti kóra jọ sí Ìsọlọ̀ bí ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni gbogbo ìkánjú yẹn wà fún, ẹ kàn má dá wa lóhùn ni. A ní ká tètè débẹ̀ kí àyà àwọn onílé lè tètè já. Bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan la háyà. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ṣe ìjókòó rẹ̀ fún, nítorí náà orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi láti Ìsọlọ̀ títí dé Ìjẹ̀bú.

Ràṣídì lorúkọ tí bàbá mi sọ mí. Wáyà àti súwíìṣì iná ni mò ń tà ní Òkòtà. Ṣùgbọ́n láàárín àwa olólùfẹ́ Àṣá Ìsọlọ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń pe Ràṣídì mọ́. Kóòṣì Fóònù ni wọ́n ń pè mí, torí pé orí fóònù ni mo ti ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù níṣẹ́. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán báyìí, màá gbé fóònù sẹ́nu, màá ka gbogbo àṣìṣe kóòṣì sílẹ̀, màá fi ohùn mi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. Ikùn mi rèé níwájú mi. Bí mo bá sáré láti ṣọ́ọ̀bù mi dé ẹnu títì, wọ́n á ní kí n jókòó kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí mi. Síbẹ̀ kò sí agbábọ́ọ̀lù Àṣá kan tí mi ò tíì pè ní ọ̀lẹ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ti Wàhábì. Ọmọ Ìwó ni, òun àti ìyàwó rẹ̀ háyà yàrá kan nítòsí wa ní Ìsọlọ̀, òun ló sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa jù. Ní Sátidé tó ṣáájú, òun àti kípà àwọn tí a jọ gbá fi orí sọ ara wọn. Ó ṣubú lulẹ̀ gbì, ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó wá dìde, bẹ́ǹṣì àwọn tí a jọ ń gbá ló rìn lọ bá, ó sì jókòó sáàárín wọn. Ẹ̀rín pa wá! Àmọ́ Kóòṣì Bádéjọ, tó ń kọ́ ẹgbẹ́ wa, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ náà ò ní fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù mọ́ àfi bí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò. Alága ẹgbẹ́ sì rèé, ó ní òun ń wá àyè mú un lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi wá àyè náà.

Ní tèmi, mo gbé fóònù. Mo ní kóòṣì ń bẹ̀rù. Mo ní ó kórìíra ọmọ náà ni. Mo ní orí tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kì í ṣe ẹyin, pé láyé ìgbà tiwa, èèyàn á ṣẹ̀jẹ̀ lórí, á fi àkísà dì í, á padà sí pápá. Ìgbà tiwa wo? Gólì ni wọ́n máa ń fi mí sí nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí pé mi ò lè sáré! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí mi pé “Kóòṣì Fóònù, ẹ ti wí i tán!” Inú mi dùn débi pé mo padà ń gbọ́ ohùn ara mi, mo sì ń mi orí.

Òṣòdì dá wáí nígbà tí a kọjá níbẹ̀, ẹni tó bá mọ Òṣòdì á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó ìtàn. A já sí títì márosẹ̀ tó lọ sí Ìbàdàn, ojú mọ́ wa lọ́nà Ṣàgámù. Ibi tí ọ̀nà ti dáa, ó dáa. Ibi tí kò ti dáa, dírẹ́bà wa á kígbe “Ẹ di nǹkan mú o!” orí mi á sì lu òrùlé. Ní ìgbà kẹta tó lù ú, ó dùn mí dé eyín. Mo fọwọ́ ra á títí, mo tún ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ pé orí kì í ṣe ẹyin.

Àríyànjiyàn gbóná nínú bọ́ọ̀sì. Àǹtí Bùsọ́lá, aṣerunlóge ní Ire-Akari tó jẹ́ olórí àwa olólùfẹ́, ní àárín pápá ni ìṣòro wa wà. Ẹnìkan láti ẹ̀yìn ní àwọn ẹlẹ́sẹ̀ òsì ti pọ̀ jù. Dírẹ́bà, tí a ò bi léèrè, ní kí wọ́n lé gbogbo wọn. “Ẹ fi Wàhábì sí i, gbogbo ẹ̀ á yanjú,” ni mo wí. Gbogbo ọkọ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó dáa,” ni Àǹtí Bùsọ́lá wí. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ máa lọ kí wọn lónìí. Ẹ sọ fún kóòṣì lójúkojú.”

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìkíni yìí, torí pé mi ò tíì rí i lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn. Bí a bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù nílùú àwọn ẹlòmíràn, a máa ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ààfáà wa á ṣàdúrà sí i, àwọn pásítọ̀ náà á ṣàdúrà sí i, ká má bàa rí ẹni tó máa bínú. Ẹnìkan á gbé omi náà wọ yàrá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ń múra. Oríkì lá fi pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan, oríkì tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n nílé. Ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á dáhùn pé “Èmi rèé!” á sì mu omi. Lójú tiwa, ẹni tó bá ti dáhùn, tó ti mu omi, ara rẹ̀ ti pé, kò sí dókítà tó tún lè sọ nǹkan mìíràn.

A dé Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí oòrùn ò tíì mú. Ìlú náà mọ́, àwọn èèyàn ń kí wa bí ẹni pé a kì í ṣe ọ̀tá. Mo jẹ ìkókoré nílé oúnjẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, iṣu ewùrà ni wọ́n ń rin, wọ́n á wá sè é pẹ̀lú epo, ata àti ẹja. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni abọ́ kan, mo sì jẹ méjì. Ìyá tó ni ilé oúnjẹ náà wo jẹ́sì tó fún mọ́ mi lára, tí wọ́n kọ orúkọ Wàhábì sí lẹ́yìn.

“Ṣé ẹ̀yin náà máa gbá bọ́ọ̀lù lónìí ni?”

“Rárá, mà. Èmi ni mò ń sọ ẹni tó máa gbá a.”

“Háà, iṣẹ́ ńlá ni,” ni ìyá wí, ó bu omi fún mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń yìn mí ni. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní Ìsọlọ̀, ìdúró la fi ń wo bọ́ọ̀lù, èébú la sì fi ń sinmi. Àwọn onílé ò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá àgbà gbé àga wá láti ilé, wọ́n da ẹ̀pà sínú fìlà, wọ́n ń wo àwọn ọmọ wọn tó ń na ara. Bí ọ̀kan bá ṣi bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á ní “Ó kù díẹ̀,” wọ́n á tún da ẹ̀pà sẹ́nu. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi pé wọn ò mọ bọ́ọ̀lù.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé lọ bá àwọn ọmọ wa. Kóòṣì Bádéjọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kí mi dáadáa bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn mi rí. Alága wà níbẹ̀, ó ń nu òógùn. Wàhábì ti wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Mo gbé ohùn sókè, mo bẹ̀rẹ̀.

“Àkànní!” “Èmi rèé!” Ó mu omi.

“Àjàní!” Kípà wa ló ń jẹ́ Àjàní. Wàhábì ló dáhùn. “Èmi rèé!” ló wí, ó sì na ọwọ́ sí ife. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe. Mo pè lọ títí mo fi kan tirẹ̀.

“Àlàmú!”

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

“Àlàmú, ọmọ Ìwó!”

Wàhábì wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tẹ̀ sí ẹni tó jókòó tì í. “Ṣé Àlàmú ò wá ni?” ló bi í.

Ẹ̀rín tán nínú yàrá. Ta ni kì í mọ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é?

“Ẹ rí i bí mo ṣe wí,” ni Kóòṣì Bádéjọ sọ jẹ́ẹ́jẹ́.

Alága já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. “Ó ti rẹ ọmọ náà láti ọ̀nà ni. Àwọn èèyàn Kọ̀tọ̀nú tó fẹ́ rà á sí ẹgbẹ́ wọn ti jókòó síta, torí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe wá. Àwọn olólùfẹ́ wa náà fẹ́ kó gbá.”

“Mi ò ní fi í sí i. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi.”

“Àwọn olólùfẹ́ ló ni ẹgbẹ́,” ni alága wí. Ó yíjú sí mi. “Kóòṣì Fóònù, ẹ sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá sọ la máa ṣe.”

Ẹ gbà mí! Mo ti ń bẹ Ọlọ́run láti ọdún yìí wá pé kí wọ́n bi mí ní irú ìbéèrè yẹn. Wọ́n wá bi mí tán, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí n padà sínú bọ́ọ̀sì jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wo Wàhábì. Ojú rẹ̀ ń wò mí, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ó ń wo ẹ̀yìn mi.

“Kó má gbá,” ni mo wí. Ohùn náà kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Wàhábì bọ́ bàtà kan sọ mọ́lẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò sóhun tó ṣe mí? Ẹ ti ba ayé mi jẹ́!” Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mi, mo jáde bí olè.

Mo sọ fún àwọn èèyàn wa pé èmi ni mo ní kó má gbá. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré ni. Àǹtí Bùsọ́lá ní, “Èló ni wọ́n fún yín?” Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oríkì, kò sẹ́ni tó gbọ́. Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Wàhábì dá wà pẹ̀lú kípà nígbà mẹ́ta, ó gbé e lọ sọ́run nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn onílé gbá ẹyọ kan sáwọ̀n. Kí n má parọ́ fún yín, nígbà tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, èmi fúnra mi ti ń wò ó pé kí wọ́n kúkú fi Wàhábì sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Irú èèyàn tí mo jẹ́ nìyẹn. Wọ́n nà wá ní ẹyọ kan sí òdo.

Nígbà tí à ń bọ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n jókòó ti òun. Orí kúlà ni mo jókòó sí lẹ́yìn bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan gbé fóònù sẹ́nu, ó ń fara wé ohùn mi, ó ń ka àṣìṣe mi sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. Ká ní kì í ṣe èmi ló ń bú, ǹ bá pàtẹ́wọ́ fún un.

Ilẹ̀ ti ṣú bí a ṣe dé Ìsọlọ̀. Bọ́ọ̀sì àwọn agbábọ́ọ̀lù ti ṣáájú wa dé. Mo rí Wàhábì lábẹ́ iná ẹ̀bá títì, ó gbé bàtà rẹ̀ dání, ó dá dúró. Mo fẹ́ gba ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sá lọ, kó má bàa tún bú mi. Ó ti rí mi. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n! Ẹ kú ìrìn. Ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni mo gbá wọlé lónìí?”

Mo rò pé ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe ẹ̀sín.

“Ṣé àwọn ará Kọ̀tọ̀nú rí mi?” ló tún bi mí.

Mo di apá rẹ̀ mú. Mo mú un délé, mo pe ìyàwó rẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́, ó di ilé ìwòsàn. Lọ́nà, ó tún bi mí pé mélòó lòun gbá wọlé. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Gbogbo ìrìn àjò mi láti àárọ̀, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ò ju èyí lọ: orí ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi ń ṣeré láti ọ̀sẹ̀ yẹn, tí mo ń pè é ní bọ́ọ̀lù.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti dà síbi tí kò yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n á rí i tọ́jú. “Ká ní ó tún fi orí kan nǹkan lónìí ni, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ,” ni dókítà wí. “Ta ló ní kó má gbá bọ́ọ̀lù?”

Ẹnu mi ti là. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé èmi ni. Mo wá rántí ọkùnrin tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó ní kí wọ́n lé òun.

“Kóòṣì rẹ̀ ni,” ni mo wí.

Ìyàwó Wàhábì nu ojú. “Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹnìkan ti bú wọn bú wọn lọ́sẹ̀ yìí, orí fóònù ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni náà ò tiẹ̀ sinmi.”

“Mo mọ̀, ìyàwó wa,” ni mo dá a lóhùn. “Èmi ni.”