Ródì Òsì Ẹ́ńjìnì 36

Ẹ́ńjìnì kan wà lórí pèpéle sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin n'Ífọ̀. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà dúdú, wọ́n fi pupa tọ́ etí rẹ̀, wọ́n sì kọ 31 gàdàgbà sí iwájú rẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò níbẹ̀ rò pé 31 ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe 31. Wọ́n ti gé 31 wẹ́wẹ́ tà fún àwọn oníirin àlòkù kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ yìí, bọ́ílà rẹ̀ wá láti ibì kan, wíìlì rẹ̀ wá láti ibòmíràn. Ródì rẹ̀ méjèèjì, ìyẹn àwọn ọ̀pá irin gbọọrọ tó so wíìlì pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí, ara ẹ́ńjìnì 36 ni wọ́n ti yọ wọ́n. Mo mọ̀, nítorí mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó tò ó jọ. Ọ̀kan nínú àwọn ródì yẹn, èyí tó wà lọ́wọ́ òsì, ló gbé mi wọ inú ìgbìmọ̀ náà.

Bàbá mi ni fítà tó ń tọ́jú 31 nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Yàrá méjì ni wọ́n fún wa nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè n'Ífọ̀. Ẹ́ńjìnì kékeré ni 31, ọ̀nà Ìlaròó sí Ìdógò ló ń rìn. Nígbà tó yá, bàbá mi rí i pé ródì òsì rẹ̀ ti ń là. Ó sọ fún fọ́máànù pé kí wọ́n béèrè òmíràn. Fọ́máànù ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó ṣì máa rìn. Kò pé oṣù kan tí ródì fi já lójú ọ̀nà, tó sì sọ 31 kúrò lórí irin pẹ̀lú ẹrù kòkó. Ẹnikẹ́ni ò kú, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ọkùnrin tó ń koná ẹ́ńjìnì náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí ó fi jáde láyé.

Kí àwọn òyìnbó tó dé fún ìwádìí, wọ́n ti kó àjákù ródì lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Fọ́máànù wá mú àwọn òyìnbó lọ síbi tí ẹ́ńjìnì 36 dúró sí, tó ń retí àtúnṣe. Ródì òsì rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Fọ́máànù ní bàbá mi ló yọ ọ́ láìgbàṣẹ, tó gbé e sára 31, pé òun ló já. Bàbá mi ní irọ́ ni, pé fọ́máànù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ ródì 36 láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn òyìnbó dé, tó sì gbé e pamọ́. Fọ́máànù ni wọ́n gbà gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún wa láti kó jáde. A lọ sí abúlé àwọn ìyá mi lápá Ọ̀fàdà. Ìyá mi, tó ń lọ aṣọ rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí a wà ní kọ́ńpáńdì, bẹ̀rẹ̀ sí í ro oko ìrẹsì onírẹsì. Bàbá mi, tó lè tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kó sì tò ó padà láìwo ìwé, di ẹni tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lábẹ́ igi ọ̀dán. Fọ́máànù kó lọ sí ilé alágbàlá tó wà níwájú ibùdó. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà yẹn, mi ò sì gbàgbé ohun kan níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ àwọn fítà ni èyí. Gbogbo irin pàtàkì tó wà lára ẹ́ńjìnì ni wọ́n ń lu nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà sí. Wọ́n ní àwọn irin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà lórí rẹ̀, tí wọ́n ń fi òòlù gbá mọ́ irin títí ojú rẹ̀ á fi wọlé. Bí wọ́n bá gbé irin kan kúrò lára ẹ́ńjìnì kan lọ sára òmíràn, wọn kì í pa nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ́. Ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń fa ìlà dá a, wọ́n á wá lu nọ́ńbà tuntun sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ ibi tí irin náà ti wá àti ibi tó gbà kọjá. Bàbá mi ra àwọn irin nọ́ńbà tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kó wọn wá sí abúlé, pẹ̀lú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì, ó sì fi aṣọ dì wọ́n. Ọwọ́ mi ni wọ́n wà báyìí.

Wọ́n tún 36 ṣe lẹ́yìn tí a lọ, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ó ti ní ródì òsì padà nìyẹn. Wọn kì í rọ ródì tuntun fún irú ẹ́ńjìnì kékeré bẹ́ẹ̀ mọ́, ara ẹ́ńjìnì mìíràn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bó bá jẹ́ 36 nìkan ló wà lára ródì náà, tí kò sí ìlà lórí rẹ̀, a jẹ́ pé kò já rí, kò dé ara 31 rí, pé ńṣe ni fọ́máànù gbé e pamọ́ tó sì dá a padà. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà mìíràn ni, a jẹ́ pé bàbá mi purọ́ fún wa. Bàbá mi sọ èyí fún mi lójú ikú rẹ̀ bí ẹni ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ́ 36 lọ sí òkè Ọya nígbà náà, gbogbo ènìyàn sì sọ fún mi pé wọ́n ti gé e tà.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká dé, mo wà nílé mi ní Mowe, ọmọ fọ́máànù pè mí. A jọ dàgbà ní kọ́ńpáńdì kan náà ni, mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ó ti di ọ̀gá báńkì, ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Arepo. Ó ní àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ti kó ara wọn jọ, òun sì ni alága, pé wọ́n fẹ́ to ẹ́ńjìnì 31 padà láti ara àwọn tó ṣẹ́kù, kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè rí bó ṣe rí. Ó ní èmi nìkan ló ṣì rántí àwọ̀ tí wọ́n kùn ún. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó lọ bi bàbá rẹ̀ lọ́run. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ẹ́ńjìnì tí wọ́n ti máa yọ irin fún mi. Ó dárúkọ 36. Ó ní inú igbó lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì kan ní òkè Ọya ni wọ́n ti rí i, pé ìpẹtà ti jẹ ara rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n girísì gbígbẹ tó bo àwọn ródì rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n bàjẹ́.

Mo ní màá wá.

Ìfọ̀ ni ẹ́ńjìnì wà, ṣùgbọ́n Ibafo ni a ti ń ṣèpàdé, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé aládàáni kan, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn fún àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ gùn, àdúrà ìparí gùn jù ú lọ. Ìpàdé mẹ́ta gbáko la fi jiyàn lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ fọn fèrè ẹ́ńjìnì tí kò ní omi, tí kò ní iná, tí kò sì lè hó láéláé. Mo jókòó, mo ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe ara wọn ní "Ọlọ́lá jùlọ."

Lẹ́yìn ìpàdé kẹta, mo mú alága lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Àṣìṣe mi nìyẹn. Mo rò pé kò dáa kí n wá ẹ̀rí lòdì sí bàbá ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Àǹtí, àwọn bàbá wa ti lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi."

"Bàbá tìẹ ti ń sinmi láti ìgbà tó wà láyé. Tèmi ni mo fẹ́ bá wá ìsinmi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín ò tíì yí padà láti ìgbà tí ẹ ti ń lù mí ní kọ́ńpáńdì."

"Mi ò lù ọ́ tó."

Ó ṣèlérí fún mi. Ó ní Ọjọ́bọ̀ ni tírélà máa gbé irin dé, pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ródì òsì títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí èmi máa wá. Mi ò lè tètè lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ Ajé ni dókítà ojú dá fún mi láti gba awò tuntun, nítorí mo fẹ́ ka nọ́ńbà náà fúnra mi, láìní kí ẹnì kan kà á sí mi létí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ti Mowe wọkọ̀ lọ sí Berger, mo wọ òmíràn lọ sí Sángo, mo tún wọ òmíràn dé Ìfọ̀. Kẹrosíìnì wà nínú báàgì mi nínú ìgò, pẹ̀lú àkísà méjì, fún girísì. Orúnkún mi ń pariwo. Bí mo ṣe yọ sí ibùdó, mo rí ródì méjèèjì lórí igi tí wọ́n tò sílẹ̀. Wọ́n ń kọ mànà bí ṣíbí.

Jórinjórin tó ń ṣiṣẹ́ náà, ọkùnrin kan láti apá Ọ̀ṣun tó háyà yàrá n'Ífọ̀, gbé gọ́gù ojú rẹ̀ sórí, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá."

"Èwo ni ti òsì nínú wọn?"

"Èyí nìyí, mà. Mo ti fi máṣíìnì họ gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán."

"Nọ́ńbà ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Alága ló pè mí ní Sátidé pé kí n họ gbogbo nọ́ńbà kúrò lára gbogbo irin. Wọ́n ní oríṣiríṣi ló wà níbẹ̀, àwọn àlejò á máa sọ pé aṣọ alákìísà la rán."

Mo wá ibi tí màá jókòó sí. Mo bi í pé nígbà tó ń họ ti òsì, nọ́ńbà mélòó ló rí.

Ó ronú. "Ẹyọ kan, mà."

"Kò sí ìlà tí wọ́n fà dá a?"

"Rárá. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ló nílà, méjì ló wà lórí ìyẹn. Ìyẹn ló fìyà jẹ mí."

"Nọ́ńbà wo ló wà lórí ti òsì?"

"Mi ò kà á, Màmá. Mo kàn ń họ ọ́ ni."

Ohun tí mo ti ń wá láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọkùnrin kan dojú kọ ọ́ ní Sátidé, kò sì kà á. Ẹyọ kan, tí kò nílà. Ó lè jẹ́ 36. Ó sì lè jẹ́ ti ẹ́ńjìnì mìíràn, tí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ya ọ̀lẹ tí kò fa ìlà. Ẹ̀rí tó ku ìdajì kò wúlò fún mi.

Mo pe alága.

"Áà, Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ló gbà mí lọ́kàn, ó fò mí ru. Ṣùgbọ́n kò le. Nọ́ńbà wo lẹ fẹ́ gan-an? Ẹ sọ ọ́, kí n ní kí ọmọkùnrin yẹn lù ú síbẹ̀ fún yín. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ."

Mo pa fóònù. Bóyá ó gbàgbé lóòótọ́, bóyá kò gbàgbé, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ náà ì bá dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tí wọ́n tò ó tán, mo lọ síbi ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pè mí sórí àga àwọn èèkàn, mo ní oòrùn ibẹ̀ pọ̀ jù, mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n fọn fèrè, atẹ́gùn inú máṣíìnì àwọn tó ń fẹ́ táyà ni wọ́n fi fọn ún. Lẹ́yìn náà ni alága mú àwọn àlejò yí ẹ́ńjìnì ká. Ó gbé ọwọ́ lé ródì òsì, ó ní kò sí ohun kan lára ẹ́ńjìnì yìí tí kì í ṣe ti 31. Mo súnmọ́ ọn pẹ̀lú awò tuntun mi. Wọ́n ti lu 31 sí gbogbo irin, mèremère, ródì òsì sì wà lára wọn.

Ẹ bá mi rò ó wò. Wọ́n yọ ródì òsì lára 36, wọ́n gbé e sára 31, wọn ò fa ìlà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé bàbá mi tí kò ṣe é ni wọ́n wá ṣe lójú gbogbo ayé, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún. Bí ẹnì kan bá wá wádìí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ iwájú, yóò rí ródì 36 lára 31, yóò sì ní fọ́máànù ló jàre.

Mo sọ ọ́ fún alága lójú àwọn àlejò rẹ̀, láìgbé ohùn sókè.

"Àǹtí," ló wí, "ẹ bá wa yọ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tú aṣọ tí bàbá mi fi di irin rẹ̀, mo kó wọn sínú báàgì, mo padà lọ sí Ìfọ̀ láàárọ̀. Jórinjórin náà wà níbẹ̀, ó ń so ọgbà irin yí pèpéle ká.

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Màmá?"

"Mo fẹ́ fa ìlà."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun bá mi fà á. Mo ní rárá. Mo gbé ṣísẹ́ẹ̀lì lé orí 31, mo gbá òòlù mọ́ ọn. Ìlà náà wọ́ díẹ̀, mo gbá a lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé òdìkejì. Ó jinlẹ̀. Bí wọ́n bá kun ọ̀dà sí i, ìka á ṣì mọ̀ ọ́n lábẹ́ rẹ̀.

Abẹ́ ìlà náà ló yẹ kí n lu nọ́ńbà tó jẹ́ òtítọ́ sí. Mo mú irin 3 àti irin 6 jáde, mo di wọ́n mú sí àtẹ́lẹwọ́ mi títí wọ́n fi gbóná. Lẹ́yìn náà ni mo dá wọn padà sínú aṣọ, nítorí mi ò fojú ara mi rí i.

"Ṣé ẹ ò ní kọ nǹkan kan sábẹ́ ẹ̀ ni?" jórinjórin bi mí.

"Ìwọ lo rí i, èmi kọ́. Bí o bá rántí, Mowe ni mò ń gbé."

Ó ń wo abẹ́ ìlà náà, ó sì ń fi àtàǹpàkò ra ojú irin níbi tó ti họ ọ́.