Nọ́ńbà Tó Wà Ní Igun Gíláàsì

Kí bàbá mi tó jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka wá igun gíláàsì ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún. Nọ́ńbà ọkọ̀ wà níbẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, irin ni wọ́n fi ha á sí i. Ìka wọn á rìn láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, wọ́n á ní, "Ọkọ̀ mi ni," wọ́n á sì wọlé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí ojú wọn ti ń ṣú. Láti ìgbà náà ni èmi ọmọ wọn obìnrin ti ń wa ọkọ̀ ọ̀hún, èmi náà ni mo sì ń ka gbogbo ìwé wọn fún wọn: lẹ́tà ṣọ́ọ̀ṣì, ìwé iná, àdéhùn àwọn ayálégbé wa ní Ìfàkọ̀. Bí àlejò bá bi wọ́n pé ta ni mí, wọn kì í sọ pé ọmọ àwọn ni. Wọ́n á ní, "Ojú mi nìyẹn."

Ẹni tí kò gbé Èkó rí lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ni nọ́ńbà ń wá lára gíláàsì. Àwọn olè ni o! Olè tó bá jí ọkọ̀ lè yọ nọ́ńbà iwájú àti tẹ̀yìn kó o tó pajú dé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára gbogbo gíláàsì, àfi kó pààrọ̀ gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí bàbá mi fi tọ́ wa nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gé gíláàsì ní Ìkẹjà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Nígbà tí ibẹ̀ kógbá wọlé, wọ́n gbé àga kan sábẹ́ igi fúrúùtù ní Agége, nítòsí ojú irin, wọ́n ń fọwọ́ kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Wọn ò lo bébà tí wọ́n ti gé lẹ́tà sí bíi tàwọn ayé ìsinsìnyí. Irin ṣóńṣó kan tó dà bíi bírò ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n ṣe ń kọ mẹ́jọ ló jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ ọwọ́ wọn: òbìrìkìtì méjì ni, ti òkè á tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ, bí ọmọdé tó ru agbada ìyá rẹ̀. Mẹ́jọ méjì ló wà nínú nọ́ńbà ọkọ̀ wa.

Èmi ni mo fọ́ gíláàsì yẹn. Mi ò ní sọ pé òkúta ni, mi ò ní sọ pé kẹ̀kẹ́ ló gbá a. Irọ́ tí mo ti pa lórí ọ̀rọ̀ yìí ti tó.

Ọjọ́ Ajé kan ni. À ń lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìkẹjà. Dókítà ti sọ fún wa pé àwọn lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú òsì, torí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ṣì kù níbẹ̀. Tí a bá tún fi falẹ̀, òun náà á lọ. Ìwé kan wà tí bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí wọ́n tó lè ṣe é. Wọ́n ti kó ìwé náà fún mi mú lọ sílé, mo sì ti kà á. Ìlà kan wà nínú rẹ̀ tó sọ pé iṣẹ́ abẹ náà lè má bọ́ sí i, pé ó tiẹ̀ lè pa ìwọ̀nba ìríran tó kù. Mo ti pinnu lọ́kàn ara mi pé màá fo ìlà yẹn. Mo mọ bàbá mi. Tí wọ́n bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọn ò ní fọwọ́ sí i, ojú á sì fọ́ tán. Ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́ o.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi padà sínú ilé lẹ́ẹ̀mejì láti lọ wò ó bóyá mo ti pa gáàsì. Mo ti pa á. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní àwọn ń wá fìlà àwọn. Fìlà ọ̀hún sì rèé lórí wọn! Èmi, iná ni mí, mi ò ní purọ́. Mo figbe ta: "Bàbá, orí yín ni fìlà wà! Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè ni?" Àwọn ayálégbé yọjú lójú fèrèsé. Bàbá mi yí padà, wọ́n ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà lọ síbi géètì. Ìgbà náà ni mo gbá ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún pa, gbàù! Gíláàsì tí mo ti yí wálẹ̀ dé ìdajì sì dà wàà, ó kún ilẹ̀ bí iyọ̀ olókùúta.

Bàbá mi dúró lẹ́nu géètì. "Kí ló fọ́ yẹn?"

"Ìgò ni, Bàbá. Mo tẹ ìgò."

"Ìgò?"

"Ẹ̀n, ìgò kan tó wà nílẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ wá bí èkejì, torí mi ò lè gbé bàbá mi jókòó síbi tí atẹ́gùn á ti máa fẹ́ sí wọn lójú kí wọ́n má bi mí. Mo gbé fóònù sétí, mo bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, mo wá sọ fún wọn pé dókítà ò wá, ó di Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n wọlé, wọ́n pa rédíò tí wọ́n máa ń gbọ́ láràárọ̀.

Kí ló dé tí mi ò sọ òótọ́? Ojú tì mí ni. Obìnrin tó ti lé láàádọ́ta ọdún, tó ń fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ bínú sí bàbá rẹ̀! Mo sì rò ó pé wọn ò ríran, ta ni yóò sọ fún wọn? Èrò burúkú gbáà ni, ṣùgbọ́n mo rò ó.

Lọ́jọ́ kejì mo wa ọkọ̀ lọ sí Agége, sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta gíláàsì ọkọ̀. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, onírùngbọ̀n funfun, ló dá mi lóhùn. Ó sọ pé "Bisimilá," ó tú inú ilẹ̀kùn, ó ń gbá èérún gíláàsì jáde. Láìgbójú sókè, ó ní, "Mọ̀mí, ta lẹ bá jà?"

"Ta ló sọ fún yín pé mo jà?"

"Tí olè bá fọ́ gíláàsì, orí àga ló máa ń dà sí. Tiyín, inú ilẹ̀kùn àti ìta ló wà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ìbínú tì la máa ń bá báyìí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọkọ yín á ti gbọ́."

Mi ò sọ fún un pé bàbá mi ni. Gíláàsì àkọ́kọ́ tó mú wá bá ilẹ̀kùn mu, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ọkọ̀ ẹlòmíì wà lára rẹ̀. Ó gbé e padà kíá, ó ní tí ọlọ́pàá bá rí i, wọ́n á ní mo jí ọkọ̀ ni. Ó wá òmíràn jáde, tòkunbọ̀ tó mọ́ tónítóní, kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó ki í sínú rọ́bà rẹ̀, ó yí i sókè, ó yí i sódò. Iṣẹ́ ọ̀hún dáa. Ẹni tó bá ríran ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ náà rí.

Ìka bàbá mi ló kù. Mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń kọ nọ́ńbà nítòsí ibẹ̀, mo ní kó fọwọ́ kọ ọ́ fún mi, kó má lo bébà, kí òkè mẹ́jọ tóbi ju ìdí rẹ̀ lọ. Ó lọ wo gíláàsì ẹ̀yìn, níbi tí ìkọ̀wé bàbá mi ṣì wà. Ó bọ́ fìlà.

"Mọ̀mí, ọwọ́ ta nìyí?"

"Bàbá mi ni."

"Bàbá abẹ́ igi fúrúùtù? Àwọn ló kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́!" Ó gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Nídìí iṣẹ́ tiwa, a kì í da ọwọ́ ọ̀gá kọ nígbà tí ọ̀gá ṣì wà láàyè. Mo lè fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Tiwọn, rárá o."

"Ìwàásù ni mo wá gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ ni?"

"Ẹ máà bínú. Àbí wọn ò mọ̀ pé gíláàsì ti fọ́ ni?"

Mo wọ ọkọ̀, mo bá tèmi lọ. Tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ìka bàbá mi á mọ̀. Bí gíláàsì náà ṣe wà lófìfo nìyẹn títí di Ọjọ́bọ̀.

L'Ọ́jọ́bọ̀, mo sáré ṣílẹ̀kùn, mo fẹ́ di bàbá mi lápá mú kí n yára gbé wọn jókòó. Wọ́n gba apá wọn. Ìka wọn lọ sí igun gíláàsì. Ó lọ sókè, ó lọ sódò, ó tún padà. Mò ń retí pé kí wọ́n bi mí. Wọn ò bi mí. Wọn ò sì sọ pé ọkọ̀ àwọn ni. Wọ́n wọlé, wọ́n di bẹ́líìtì, a gba Ògbà lọ sí Ìkẹjà.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wa tẹ̀rín tẹ̀rín. "Bàbá, ta lẹ mú wá lónìí?"

"Ọmọ mi ni," ni bàbá mi wí.

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ.

Dókítà gbé ìwé kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè. "Fi í sílẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí."

Dókítà ní, "Bàbá, ṣebí ọmọ yín ló ń kà á fún yín?"

"Mo gbọ́," ni wọ́n dáhùn.

Dókítà ní ká lọ rò ó níta, ṣùgbọ́n tí Bàbá ò bá fọwọ́ sí i lónìí, ẹlòmíì ni wọn yóò fi àyè náà fún, ó sì lè pẹ́ kí ó tó tún kàn wá. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo wo ojú òsì wọn, bó ṣe ń wá ìmọ́lẹ̀ wíńdò kiri. Ẹ̀bi mi ni tí èyí náà bá lọ. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn lójú gbogbo èrò.

"Bàbá, kì í ṣe ìgò. Èmi ni mo gbá ilẹ̀kùn, gíláàsì ọkọ̀ sì fọ́. Dókítà náà wà ní Ọjọ́ Ajé. Irọ́ ni mo pa fún yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń dúró dè ọ́," ni wọ́n wí. "Lẹ́nu géètì ni mo ti mọ̀. Ìgò máa ń ké tó bá fọ́. Gíláàsì ọkọ̀ kì í ké, dídà ló ń dà. Ṣé èmi lo fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún?"

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Kí n sọ kí ni? Gíláàsì kọ́ ló dùn mí. Mo wá ń bi ara mi pé, gbogbo ìwé tó o ti ń kà fún mi láti ọdún mẹ́rin yìí wá, èwo lo kà, èwo lo fò?"

Mo sunkún, mi ò lè purọ́. Mi ò fo nǹkan kan rí láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ fò wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀. Mo nu ojú, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí mo dé ìlà yẹn, mi ò fò ó. Mo kà á: iṣẹ́ abẹ lè má bọ́ sí i, ó sì lè pa ìwọ̀nba tó kù.

"Tún un kà."

Mo tún un kà. Nọ́ọ̀sì pe ẹni méjì wọlé.

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn?"

"Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, Bàbá. Mo ti fẹ́ fò ó tẹ́lẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín inú imú. "Mo mọ̀ pé nǹkan kan á wà níbẹ̀. Ìwé wo ni kì í ní àbùkù? Fi ibi tí màá fọwọ́ sí hàn mí." Mo gbé ìka wọn lé e. Wọ́n kọ orúkọ wọn gbọọrọ.

Dókítà dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa. Bí a ṣe jáde, mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Agége fún bàbá mi, wọ́n ní kí n gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kọ̀ láti da ọwọ́ àwọn kọ. Ọkùnrin náà rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bàbá mi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun. Bá mi wá irin." Wọ́n fi ìka wọ̀n ọ́n láti ibi tí rọ́bà gíláàsì wà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, wọ́n bi ọkùnrin náà pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó rẹwà, Bàbá! Bíi tàtijọ́ gẹ́lẹ́ ni."

Wọ́n yíjú sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. "Ìwọ ńkọ́?"

Mo wò ó. "Ó wọ́, Bàbá. Mẹ́jọ ìkẹyìn ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, òbìrìkìtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò sì padé."

Ọkùnrin náà fojú bá mi wí. Bàbá mi gbé ìka lé igun gíláàsì, wọ́n tọ ipa mẹ́jọ náà yípo títí ìka fi já sí òfìfo.

"Òótọ́ ni, kò padé," ni wọ́n wí. Wọ́n wá yíjú sí ọkùnrin náà. "Ṣé o gbọ́ ọ? Ojú mi nìyẹn."